Àdúrà Ẹnu Kànga

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ tèmi fún yín. Kànga ni mo gbẹ́ títí mo fi hu ewú. Bẹ́ẹ̀ ni, kànga! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú ìlú Ìlọrin yìí, láti Ṣàngó dé GRA, láti GRA dé ẹ̀yìn Ọ̀fà Garage, omi tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń se ọbẹ̀ lónìí, ọwọ́ èmi Jósẹ́fù yìí ló kọ́kọ́ kàn án nínú ilẹ̀. Tí mo bá ti ń sọ ọ́ báyìí, inú mi a máa dùn ṣìnkìn, màá sì máa ju ọwọ́ sókè sódò, ìyàwó mi á wá ní kí n rọra, pé n kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Àwọn olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ṣàngó ló ní kí n wá kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí n sì fi sọ ohun tí àdúrà ojoojúmọ́ jẹ́ fún Kristẹni. Mo ní èmi kì í ṣe pásítọ̀ o. Wọ́n ní ìdí nìyẹn gan-an tí àwọn fi wá bá mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. N kò ní wàásù, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ wa kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ: ẹni tó bá wọ inú ilẹ̀ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ jáde láàyè. Ṣé yóò jáde àbí kò ní jáde? Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa lójoojúmọ́ nìyẹn, bí a tilẹ̀ ń bára wa ṣeré.

Ọmọ Ìgbómìnà ni mí. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, kò sí agbára láti tẹ̀síwájú, ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Ṣàngó bá ní kí n máa bọ̀. Ọkọ̀ já mi sí Ọ̀fà Garage lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti àpótí páànù mi, mo ń wo èrò bí ẹni ń wo sinimá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú mi lọ bá Bàbá Sálíù, agbẹ́kànga tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ̀rọ̀ owó láàárín ara wọn kò kàn mí. Wọ́n ní n óò kọ́ṣẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ n sọ irú Kristẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Kristẹni ọjọ́ ìsinmi ni mí. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, ta ni yóò kọrin jù mí lọ? Ohùn mi a máa mi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì! Àmọ́ láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, èmi àti Ọlọ́run kì í bára wa sọ̀rọ̀. A ò bára wa jà o. A kàn dà bí àwọn mọ̀lẹ́bí tó jẹ́ pé ibi ìnáwó nìkan ni wọ́n ti ń rí ara wọn.

Mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú agbo ilé kan ní Ṣàngó. Mo rí díígà tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ sí i kí ọ̀gá lè rí i pé n kì í ṣe ọ̀lẹ. Igbe tí bàbá náà ké, díẹ̀ ló kù kí n bẹ́ sínú ihò!

“Gbé e sílẹ̀! Ṣé o ti kírun?”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, Kristẹni ni mí.”

“Mo mọ̀ pé Kristẹni ni ẹ́. Wọ́n kúkú sọ pé Jósẹ́fù lorúkọ rẹ. Àwọn Kristẹni kì í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni? Kí lẹ̀ ń pe tiyín?”

“Àdúrà ni, sà.”

“Ṣé o ti gbà á?”

“Mo gbà á ní Sunday, sà.”

Gbogbo àwọn tó ń fa okùn bú sẹ́rìn-ín. Ràúfù, ọmọ bàbá náà, tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá Sálíù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ṣé oúnjẹ tí o jẹ ní Sunday ló ṣì wà níkùn rẹ títí di òní?” Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀yìn òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti kó jáde. “Bọ́ sẹ́yìn ibẹ̀. Bá Ọlọ́run rẹ sọ̀rọ̀ kí o tó fọwọ́ kan irin mi.”

Mo bọ́ sẹ́yìn òkìtì. Ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ èèpo iṣu, ó gbójú sókè, ó ń wò mí. N kò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Mo ní, “Olúwa, ṣọ́ mi o, àmín,” mo sì sáré jáde.

“O ti parí? Kí lo wá sọ?”

“Mo ní kí Ó ṣọ́ mi, sà.”

“Ìwọ nìkan? Ta ló máa fa okùn? Tí Ọlọ́run bá ṣọ́ ìwọ nìkan, tí òòyì wá kọ́ ẹni tó di okùn mú lókè ńkọ́? Padà síbẹ̀!”

Mo padà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Bàbá Sálíù, Ràúfù, àti Gàníyù, ọkùnrin gìrìpá tó máa ń fa okùn jù. Ẹ wò ó, ọkùnrin tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀ ló kọ́ mi láti gbàdúrà fún ẹlòmíràn! Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan? Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bàbá Sálíù le, ẹ jẹ́ n má parọ́. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni mo fi fa okùn kí ó tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kan inú kànga. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ súfèé lẹ́nu kànga rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bú ẹnì kejì rẹ̀ níbẹ̀. Kí èèyàn tó wọlẹ̀, a ó kọ́kọ́ sọ àtùpà kalẹ̀ pẹ̀lú okùn: tí iná rẹ̀ bá ń jó geere, atẹ́gùn wà nísàlẹ̀, tó bá kú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń wọlẹ̀ gbọ́dọ̀ so okùn mọ́ ìbàdí, ọ̀gá á sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa kókó okùn náà wò. Ká tó ṣe gbogbo ìyẹn rárá, kálukú á ti gbàdúrà tirẹ̀.

Òfin kan tún wà tó jẹ́ ti ọ̀sán. Tí àkókò ìrun àìlà bá ti tó, àwa tá a wà lókè á pe ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jáde, kò sí àwáwí. Àwọn á ṣe àlùwàlá, wọn á tẹ́ ẹní, wọn á kírun. Èmi á bọ́ sẹ́yìn òkìtì yẹ̀pẹ̀ tèmi. Lọ́jọ́ kan Gàníyù wà nísàlẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe díẹ̀ sí i, pé ilẹ̀ ti ń tutù, omi ti dé tán. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pariwo sínú ihò náà pé, “Omi ọ̀hún ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ! Kò ní sá lọ. Jáde wá kí Ẹni tó dá a!” Gàníyù jáde kíá.

Ẹ má rò pé àdúrà náà tètè dùn mọ́ mi lẹ́nu o. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń kà bí ayékòótọ́: ṣọ́ mi, ṣọ́ Bàbá, ṣọ́ Ràúfù, ṣọ́ Gàníyù, àmín. Ó wá sú mi. Ìyá àgbà kan wà ní ìjọ wa tí à ń pè ní Màmá Dọ́káàsì, òun ló máa ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà òwúrọ̀. Mo lọ bá a, mo ní, “Màmá, n kò mọ ohun tí màá sọ fún Ọlọ́run mọ́.”

Màmá ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ nàró. “Jósẹ́fù, tí o bá jí láàárọ̀, ṣé o máa ń wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri kí o tó kí ìyá rẹ?”

“Rárá o, mà. ‘Ẹ káàárọ̀, mà’ náà ni.”

“Ṣé ìyá rẹ máa ń sọ pé àná náà lo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Rárá, mà.”

“Lọ kí Bàbá rẹ. Tí o bá ti kí I tán, wàá rí ọ̀rọ̀ sọ. Tí o ò bá sì rí, jókòó tì Í.”

Áà, ọ̀rọ̀ yẹn! Ṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé nínú yàrá tó móoru. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dìde láàárọ̀, tí mo ń kí I. Màá dúpẹ́ pé mo jí. Màá sọ ibi tí iṣẹ́ wà lọ́jọ́ náà, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, bóyá òkúta ni àbí yanrìn. Màá dárúkọ àwọn tó ń di okùn mi mú. Lẹ́yìn náà màá dákẹ́ díẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Kí n tó mọ̀, ọjọ́ tí mo bá yára jáde nílé láì gbàdúrà, ara mi kì í lélẹ̀.

Àdúrà ojoojúmọ́ kì í sì í jẹ́ kí èèyàn di kùnrùngbùn, ẹ fi èyí sọ́kàn. Èmi àti Ràúfù jà nítorí orí ẹja. Orí ẹja lásán! Ìyàwó onílé kan gbé oúnjẹ wá fún wa, èmi ló kàn láti mú orí ẹja, Ràúfù sì ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. A bára wa fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí Bàbá mi ọ̀run, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ, mo dé orí Ràúfù, mo dúró síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ Ọlọ́run fún ẹni tí mo fẹ́ gbá létí? Bẹ́ẹ̀ òun náà ló máa di okùn mi mú lọ́jọ́ yẹn. Mo dé ibi iṣẹ́, mo lọ bá a tààrà.

“Ràúfù, mo ti dárí jì ẹ́.”

“Ta ló bẹ̀ ẹ́?” ló fi dá mi lóhùn. Àwa méjèèjì bá pa kàkà sẹ́rìn-ín. Ìgbà tó di ọ̀sán, orí ẹja tó wà nínú oúnjẹ tí ìyàwó onílé náà tún gbé wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sórí àwo mi.

A gbẹ́ kànga fún tálákà, a gbẹ́ ẹ fún olówó. Ní GRA, màdáámù kan dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń wo bí kálukú wa ṣe ń gbàdúrà, ó ní ṣé iṣẹ́ lòun gbé fún wa ni àbí ìsọjí. Bàbá Sálíù kò bá a jà. Ó ní ká kó irin wa. “Ẹ má bínú, Hájíà,” ló sọ, bẹ́ẹ̀ màdáámù náà kì í ṣe Hájíà rárá, “ẹ bá wa wá ẹni tó lè wọ inú ilẹ̀ láì kí Ẹni tó nilẹ̀.” A ò tíì dé ẹnu géètì tí obìnrin náà fi sáré tẹ̀ lé wa. Láti ọjọ́ kejì, òun náà máa ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lásìkò yẹn, á di ojú, á sì di ọwọ́ pọ̀. N kò bi í léèrè ohun tó ń sọ.

Nǹkan iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ lásán la fi ń fa garawa yẹ̀pẹ̀ sókè, àtẹ́lẹwọ́ wa a máa le bí awọ. Nígbà tó yá, irin olóbìírí tí okùn ń yí lórí rẹ̀ dé, iṣẹ́ wá rọrùn. Ríìngì onísìmẹ́ńtì dé, tí à ń tò kalẹ̀ kí ilẹ̀ má baà ya lu èèyàn. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀! Ẹni tó bá ní iṣẹ́ àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ, ẹ gbé díígà fún un. Ọ̀gá ti ń darúgbó, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún Ràúfù àti èmi, ó kàn máa ń jókòó sílé ni, á máa bi wá tá a bá dé. Ìgbà yẹn ni Ràúfù ra pọ́ńpù elépo bẹntiróòlù.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Tí kànga àtijọ́ bá ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á pè wá kí a wá gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ṣùgbọ́n omi tó kù nísàlẹ̀ kò ní jẹ́ ká rí ilẹ̀ gbẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́n ọn kúrò. Garawa la fi ń gbọ́n ọn tẹ́lẹ̀, apá á fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Pọ́ńpù ni yóò gbà wá! Àmọ́ tí pọ́ńpù náà bá wà lókè, kò lágbára láti fa omi láti ibi tó jìn gan-an. Àwa agbẹ́kànga bá ronú kan ohun tí ẹlòmíràn kò ní ronú kàn: a ní kí a gbé pọ́ńpù ọ̀hún sínú kànga. Ràúfù ní òun á tẹ́ pákó sórí ríìngì nísàlẹ̀, òun á gbé ẹ́ńjìnnì lé e lórí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò, nítòsí Ọ̀fà Garage, a gbàdúrà. Ẹnì kan lè bi mí pé bóyá a ò gbà á lọ́jọ́ yẹn ni. A gbà á! Mo dárúkọ Ràúfù bí mo ṣe máa ń dárúkọ rẹ̀. A sọ àtùpà kalẹ̀, ó jó geere. Kò sí òfin kankan tí ọ̀gá fi kọ́ wa nípa ẹ́ńjìnnì, torí kò sí ẹ́ńjìnnì lásìkò tirẹ̀. Ràúfù so okùn mọ́ ìbàdí, ó wọlẹ̀, a sọ pákó àti ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ fún un, ó tò wọ́n, ó tan pọ́ńpù. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rọ́bà lókè, àwọn ará ilé ń pàtẹ́wọ́. Èéfín ń jáde díẹ̀díẹ̀.

Mo pè é: “Ràúfù, èéfín yìí ńkọ́?”

Ó ní, “Òkè ni èéfín ń lọ! O ti rí èéfín tó ń wálẹ̀ rí?”

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. A rò pé Ràúfù ló pa á kí ó lè wo omi. Gàníyù jókòó, ó ń fi ọwọ́ nu òógùn, èmi ń wá ibi tí mo gbé gààrí mi sí. Ká ní kò sí òfin ọ̀sán tí ọ̀gá fi lélẹ̀ ni, bóyá à bá mu gààrí yẹn tán kí a tó rántí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpè ìrun dún láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn wa, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu kànga, mo pè é bí a ṣe ń pe ara wa láti ìgbà èwe.

“Ràúfù! Àìlà ti tó o!”

Kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ó ní èsì àwàdà kan tó máa ń fọ̀ lójoojúmọ́: “Mò ń bọ̀, ìyá ọkọ mi!” Mo dúró dè é. Mo tún pè é.

Gàníyù ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu kànga, ó fẹ́ bẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ẹ̀wù náà ya, mo di apá rẹ̀ mú. Ó ń pariwo pé kí n fi òun sílẹ̀, pé ọmọ ọ̀gá ń kú lọ. Èmi náà fẹ́ bẹ́! Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ti ń jókòó jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run láràárọ̀ fún ọdún pípẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló bá mi lẹ́nu kànga náà, ó sì fún mi láyè láti ronú. Mo ní, “Gàníyù, àtùpà!”

A sọ àtùpà kalẹ̀. Kò tíì dé ìdajì tí iná rẹ̀ fi rẹ̀, tó sì kú. Ká ní Gàníyù ti bẹ́ wọlé ni, òkú méjì là bá gbé. A fa okùn Ràúfù, ó gòkè díẹ̀, ó há. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sí àárín pákó àti ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wá wo bí àwọn ará agbo ilé ṣe tú jáde! Ẹnìkan gé ẹ̀ka dóńgóyárò eléwé púpọ̀, a so okùn mọ́ ọn, a ń jù ú sísàlẹ̀, a ń fà á sókè, a ń jù ú, a ń fà á, kí atẹ́gùn tó dára lè wọlé. Àwọn obìnrin ń da omi tútù sí ẹ̀gbẹ́ kànga. A tún sọ àtùpà kalẹ̀. Iná náà mì, ó mì, ó dúró. Mo so okùn mọ́ ìbàdí mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ráyè gba àdúrà gígùn. Mo ti máa ń rò ó pé lọ́jọ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá dé, màá sọ ọ̀rọ̀ tí yóò mi ọ̀run. Irọ́ ni. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kúrò lórí ilẹ̀, gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Olúwa, Ràúfù ni o.” Mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń sọ ọ́. Mo kàn án lára, ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Mo ti ẹ́ńjìnnì gbígbóná náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jó mi lọ́wọ́, àpá rẹ̀ rèé títí dòní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tú. Mo fa okùn, mo ké, “Ẹ fà á!” Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló di okùn náà mú lókè, Mùsùlùmí àti Kristẹni, oníṣòwò àti awakọ̀ tí wọ́n sáré wá láti gáréèjì. Wọ́n fa Ràúfù, wọ́n fa èmi náà tẹ̀ lé e. Orí ti ń fọ́ mi.

Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò mí. Àwọn obìnrin ti fẹ́ bú sẹ́kún. Gàníyù gbá a láyà, ó gbé e jókòó, ó ń pè é. Lójijì ó húkọ́, ó fa èémí kan tó dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa ilẹ̀kùn onípáànù. Haleluyah! Mo fò sókè! Gàníyù ń ké Alihamudulilai, èmi ń ké Haleluyah, ẹnikẹ́ni kò bi ẹnikẹ́ni ìdí rẹ̀. Onímọ́tò kan gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Dókítà ní èéfín ẹ́ńjìnnì náà ló fẹ́ pa á, pé ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ. Bàbá Sálíù fi ọ̀pá rẹ̀ rìn wọ yàrá náà lọ́jọ́ kejì. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń sùn, ó wo ọwọ́ mi tí wọ́n fi aṣọ dì. Bàbá yìí kò yìn mí rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sì yìn mí lọ́jọ́ yẹn náà. Ìbéèrè àtijọ́ ló tún bi mí.

“Kí lo sọ nígbà tí o ń wọlẹ̀?”

“Bàbá, ẹ má bínú, kò gùn. Mo kàn ní, ‘Olúwa, Ràúfù ni o.’”

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. “Ó tó bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Ó ti ń gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ tipẹ́. Kò ní láti bi ẹ́ pé ta ni.”

Bàbá Sálíù ti dolóògbé báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Àdúrà ojoojúmọ́ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ewu. Ewu wá bá wa ní ọjọ́ tí a gbàdúrà. Mo fẹ́ kí ó yé yín dáadáa. Ẹni tó bá ń kí Bàbá rẹ̀ láràárọ̀, tó ń dárúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ fún Un, nígbà tó bá ké pè É nínú ihò, kì í ṣe àlejò ló ń pè.

Ràúfù yè. Òun ni gbogbo ayé ń pè ní Alhaji lónìí, ó ti ní ẹ̀rọ ńlá tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tó ń lu òkúta já bí ẹni ń lu ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń wọ inú ilẹ̀ mọ́. Èmi ti fẹ̀yìn tì, eékún mi kò gbà mọ́, àmọ́ tí ó bá ní iṣẹ́ nítòsí, á ní kí wọ́n fi mọ́tò gbé mi wá jókòó. Nígbà tí ìjọ wa fẹ́ gbẹ́ tiwa ní Ṣàngó, òun náà ló gbé ẹ̀rọ wá. Ó kírun tirẹ̀, èmi sì dúró lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti sàmì sí, mo gbàdúrà tèmi. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa ẹ̀rọ náà, tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa, jókòó sókè níbẹ̀, ó ń dúró dè wá, ó ń wo aago.

“Bàbá,” ló wí nígbà tí mo parí, “ẹ má bínú o. Ẹ̀rọ ló ń wọ ilẹ̀, èèyàn kankan ò wọ ibẹ̀. Ta lẹ tún ń gbàdúrà fún?”

“Kí lorúkọ rẹ?”

“Tósìn ni, sà.”

“Ó dáa. Láti ọ̀la lọ, Ọlọ́run á máa gbọ́ Tósìn lẹ́nu mi láràárọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé n kò bá a rẹ́rìn-ín, tiẹ̀ náà dáwọ́ dúró. Ó tan ẹ̀rọ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, omi sì tú jáde kó tó di àlàásárì, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó mu tíì, fóònù mi dún. Tósìn ni.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé… ṣé ẹ ti dárúkọ mi?”

“Mo ti dárúkọ rẹ, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́, ta lo dárúkọ?”